Ẹni Tí A Lè Pè

Ọmọdékùnrin kan béèrè ọ̀rọ̀ kan ní ilé ìgbàjámọ̀ kan lẹ́bàá Prairie Street ní Rosettenville, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí àwa àgbà jókòó tí à ń retí kí ó kàn wá, ọ̀rọ̀ náà sì ti di alábàágbé mi láti ìgbà náà: mo sùn kò sùn, mo jí ó ti jí ṣáájú mi. Ọkùnrin kan nínú wa ló gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì, tí gbogbo wa sì ń wo fọ́rán àtijọ́ kan láti inú ètò *Who Wants to Be a Millionaire?* ti Nàìjíríà ilẹ̀ wa, èyí tí Frank Edoho jẹ́ atọ́kùn rẹ̀. Olùdíje ti dé ibi tí ọ̀nà ti há. Ó ti wo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí, kò mọ èyí tí òun ì bá mú, ni ó bá ní òun fẹ́ pe ọ̀rẹ́ òun. Bí wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà ni ọmọ yìí, tí a bí sí Johannesburg níbí tí ó sì gbọ́ Yorùbá ju bí ó ti ń sọ ọ́ lọ, gbójú sókè sí bàbá rẹ̀ tí ó ní: “Dádì, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pè yẹn ò ní lọ wò ó lórí Google?” Bàbá rẹ̀ dá a lóhùn pé Google kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Ọmọ náà gbà, onígbàjámọ̀ tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà, fọ́rán sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Google ti wà láyé. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ni wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Kalifóníà. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 yìí kan náà ni ètò tí à ń wí yìí kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifísàn ITV nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Chris Tarrant sì jókòó kọjú sí àwọn olùdíje àkọ́kọ́. Ìbejì ni wọ́n, bí ìyá wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀kan ń wí fún aráyé pé ìmọ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ó níye lórí tó mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, pé ẹni tí ó bá ní in sórí ni kí ó wá gba owó; èkejì ń wí pé ìmọ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́, pé ẹni tí ó bá ti ní ìka tí yóò fi tẹ nǹkan yóò rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí ó wà níbi ìkómọ wọn tí ó mọ̀ pé ọ̀kan ń bọ̀ wá gba oúnjẹ lẹ́nu èkejì.

Nígbà tí ètò náà fi máa dé Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, fóònù alágbèéká kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ láàárín wa, nítorí ọdún 2001 ni MTN àti Econet jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá mọ̀ bí ó ti ń rí kí ènìyàn máa gbé ohùn ará rẹ̀ sínú àpò kiri. MTN yìí náà ni onígbọ̀wọ́ ètò ọ̀hún. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà kò lè gbàgbé bí ó ti rí: gbọ̀ngàn roboto, òkùnkùn bo èrò ìwòran mọ́lẹ̀, àga gíga méjì dojú kọ ara wọn láàárín, iná ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá ká olùdíje mọ́ bí ìbéèrè bá ti ń le sí i, orin tí Keith Strachan àti Matthew ọmọ rẹ̀ ṣe fún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ìdákẹ́ àti ìró rẹ̀ di ènìyàn lọ́kàn mú. Bí ó ti rí ní Lọ́ńdọ̀nù náà ni ó rí ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní Íńdíà, níbi tí Amitabh Bachchan ti jókòó sórí àga atọ́kùn láti ọdún 2000. Àwọn tí wọ́n ni ètò náà kò fẹ́ kí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ìbéèrè 15 ni. Ìrànlọ́wọ́ mẹ́ta ni: kí wọ́n yọ ìdáhùn méjì tí kì í ṣe òótọ́ kúrò, kí a bi èrò ìwòran, kí a pe ọ̀rẹ́ kan fún 30 ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí aago kankan tí ó ń lé olùdíje fúnra rẹ̀; bí ó bá wù ú kí ó fi ọwọ́ lérán, kí ó wo òkè, kí ó wo ilẹ̀, kí ó pe orúkọ Ọlọ́run, Edoho yóò dúró dè é.

Owó tí ó tóbi jù níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà nígbà kan, ó di mílíọ̀nù 10, Aroma Ufodike sì ni ẹni tí a kọ́kọ́ rí tí ó gba mílíọ̀nù 10 náà ní ọdún 2009. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó mú ètò náà wọ̀ mí lọ́kàn. Pípe ọ̀rẹ́ ni. Ní ilẹ̀ tí a ti sọ fún wa tipẹ́ pé ènìyàn laṣọ wa, a wá rí i lójúkojú lórí tẹlifísàn pé ìmọ̀ orí ènìyàn nìkan kò tó, pé a ó tún wo ẹni tí ó mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀, tí ó sì fẹ́ràn rẹ débi pé yóò jókòó ti fóònù láti àárọ̀ kí nọ́ńbà rẹ má baà dún lásán. Nígbà tí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà náà, a ó gbọ́ ohùn tí ó ti ibì kan jáde, ohùn ẹ̀gbọ́n tàbí ti olùkọ́ àtijọ́ tàbí ti ọ̀rẹ́ ilé ìwé, gbogbo ilé yóò sì pa lọ́lọ́ bí ẹni pé àwa náà la pè.

Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń rinlẹ̀ jù nínú ọkàn àwa tí a fi ilé sílẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Johannesburg tí kò ní nọ́ńbà ẹnì kan tí ó kọ sínú ìwé pélébé, tí ó sì ká sínú àpò kan náà tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà. Ẹni tí ń bẹ lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ bóyá ìwọ yóò sùn sí Rosettenville tàbí sí Yeoville tàbí sí ibùdókọ̀, ẹni tí ó bá sì béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ti rí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ, mo sì ti rí ẹni tí wọ́n gbé ìpè rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀tọ̀ ni bí ayé ti rí fún àwọn méjèèjì.

Orúkọ tí pápá ọkọ̀ òfuurufú Johannesburg náà sì ń jẹ́, orúkọ ọkùnrin tí ó ti kọ́ni ní Rosettenville níbí ni. Oliver Tambo kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ St Peter’s tí àwọn àlùfáà Áńgílíkà dá sílẹ̀ sí àdúgbò yìí, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Es’kia Mphahlele àti Peter Abrahams tí wọ́n di òǹkọ̀wé ti kàwé. Níbẹ̀ ni Hugh Masekela ti gba kàkàkí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Trevor Huddleston. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà (apartheid) ṣe òfin ẹ̀kọ́ Bantu, tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú kọ́ kìkì ohun tí yóò fi sin ẹlòmíràn, àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà yàn láti tì í pa ní ọdún 1956 ju kí wọ́n fi orúkọ wọn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí tẹlifísàn wọ ilẹ̀ yìí títí di oṣù kìíní ọdún 1976, nígbà tí ó ti lé ní ọdún 16 tí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ti ń wo tirẹ̀, nítorí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé wa. Ẹ̀rù ìbéèrè ló ń ba irú àwọn aláṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé, tí ó sì dáhùn rẹ̀, kò ṣeé sọ fún mọ́ pé kò lọ́gbọ́n lórí.

Ìdí nìyí tí èmi kò fi ń fojú kékeré wo ẹni tí wọ́n bá gbé sórí àga nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ní kí ó máa béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn Afrikaner ní ètò kan tiwọn tí wọ́n ń pè ní *Noot vir Noot*, ìdíje ìmọ̀ orin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, èyí tí Johan Stemmet fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún ṣe atọ́kùn rẹ̀. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, Emo Adams, olórin láti Cape Town, ẹni tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà àtijọ́ kì bá tí jẹ́ kí ó gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran rẹ̀, ni ó gbapò rẹ̀. Orin kò yí padà púpọ̀. Ojú ló yí padà, ìyípadà yẹn sì tóbi ju iná tuntun àti aṣọ tuntun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ìbejì wa. Bí Google ti ń dàgbà ni òfin ètò náà ń yí padà, díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2007, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé ìbéèrè 15 kù sí 12. Ní ọdún 2008, Amẹ́ríkà gbé aago ka iwájú olùdíje. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé aago tirẹ̀ wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2010 ni Amẹ́ríkà wá yọ pípe ọ̀rẹ́ kúrò pátápátá, ìdí tí wọ́n sì sọ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ tí à ń pè ti ń sáré lọ wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n kó àga méjèèjì kúrò, olùdíje àti atọ́kùn di ẹni tí ń dúró sórí ẹsẹ̀, wọ́n sì da iye owó àti ìbéèrè pọ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó kàn.

Ìdáhùn kan sí ìbéèrè ọmọ náà nìyẹn: wọn kò mọ̀, nítorí náà wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ti yí ìdáhùn yìí sọ́tùn-ún sósì, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ilẹ̀ wa, a kì í bá ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lórí ìdúró. A ó ní kí ó jókòó ná, a ó fún un lómi, lẹ́yìn náà ni a óò tó bi í ní ohun tí a fẹ́ bi í. Ètò tí ó kó àga kúrò, tí ó sì mú ọ̀rẹ́ kúrò, ti sọ nǹkan kan nípa irú ènìyàn tí ó rò pé olùdíje jẹ́: ẹni tí ó dá wà, tí a ń lé, tí a kò sì gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lóòótọ́, àwọn àgbà yìí kan náà tún wí pé ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni, mo sì ti gbìyànjú láti fi òwe kejì tu ara mi nínú nípa ti aago. Ti ọ̀rẹ́ ni mi ò rí òwe fún.

Ṣé kì í ṣe pé mò ń ro ìgbà àtijọ́ ju bó ti yẹ lọ? Nígbà tí a ń pàlọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí apàlọ́ bá ní òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀ ó kanrun, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò sún mọ́ ìyá àgbà, ìyá àgbà yóò sọ ọ́ sí i létí, ọmọ náà yóò sì kígbe “Òjò!” bí ẹni tí ó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ rí i. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní olè. Ṣùgbọ́n kò sí owó níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó ló sọ ìrànlọ́wọ́ di ẹjọ́. Ní ọdún 2001, ọ̀gágun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Ingram, dáhùn gbogbo ìbéèrè dé orí mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n tún fọ́rán náà wò, wọ́n gbọ́ ẹnì kan tí ń wúkọ́ láàárín àwọn tí ó wà níjòókòó nígbà tí ó bá dárúkọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà. Ilé ẹjọ́ dá òun, aya rẹ̀ àti ẹni tí ó ń wúkọ́ náà lẹ́bi ní ọdún 2003. Bí ikọ́ lásán bá lè di ẹ̀rọ ìjìbìtì, kí ni a óò wá ṣe fún ẹni tí ó ní gbogbo ìwé ayé nínú fóònù? Mi ò lè sọ pé ẹ̀rù tí ó ba àwọn olóòtú náà jẹ́ ẹ̀rù òmùgọ̀.

Àmọ́ mo ń gbé Rosettenville, mo sì mọ ibi tí títi ilẹ̀kùn máa ń já sí. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn ará àdúgbò tí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti aṣẹ́wó ti sú, tí wọ́n sì ní ìdí láti bínú, dáná sun àwọn ilé kan ní àdúgbò yìí tí wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe iṣẹ́ ibi náà. Láti ọjọ́ yẹn, ó pẹ́ kí a tó lè sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni wá kí ojú onílé má yí padà. Ìwà àwọn díẹ̀ di orúkọ gbogbo wa: alákàrà, aránṣọ, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, gbogbo wa wọ ẹjọ́ tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Mi ò fi ilé tí ó jóná wé ètò tẹlifísàn. Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni pé nígbà tí àwọn kan bá da ìgbẹ́kẹ̀lé, ohun tí ó rọrùn jù fún aláṣẹ ni kí ó pa ìgbẹ́kẹ̀lé fúnra rẹ̀ run, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà tí wọ́n gbé ètò náà padà wá ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró ní 2014. Jeremy Clarkson ni wọ́n fi ṣe atọ́kùn. Ìbéèrè padà di 15. Wọ́n gbé aago kúrò. Wọ́n jẹ́ kí olùdíje lè bi atọ́kùn fúnra rẹ̀ ní ìmọ̀ràn, èyí tí kò sí rí. Pípe ọ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rán ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣètò lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ náà, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ó ti kéré tó! Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn rí i pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lórí àga tó láti ṣí i. Nígbà tí àrùn kòrónà sì lé èrò ìwòran jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ní ọdún 2020, tí kò sí ẹni tí olùdíje lè bi mọ́ láàárín òkùnkùn yẹn, wọ́n fún un ní ọ̀rẹ́ kejì láti pè. Ní ọdún kan náà, nígbà tí Jimmy Kimmel di atọ́kùn ti Amẹ́ríkà, àwọn náà dá pípe ọ̀rẹ́ padà.

Ti ilẹ̀ wa náà padà ní ọdún 2022, Frank Edoho sì padà sórí àga rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀bùn mílíọ̀nù 20 náírà. Àwọn kan yọ̀ nítorí iye yẹn; èmi kò yọ̀ púpọ̀, nítorí náírà ọdún 2004 àti náírà ọdún 2022 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ẹni tí ó bá sì fi mílíọ̀nù 5 ra ilẹ̀ nígbà yẹn mọ ohun tí mo ń wí. Mo yọ̀ nítorí pé ọkùnrin kan náà ni, ohùn kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé tí ó ń wò ó nígbà àkọ́kọ́ ti di bàbá ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje Bíbélì àti ìdíje ìmọ̀ fún àwọn ọmọ wa nínú àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ní gúúsù Johannesburg, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń mú ọ̀rọ̀ yìí bọ̀. Mo mọ̀ pé fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo òbí, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń rò ó pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró ní òun nìkan, kí aago máa ka ìṣẹ́jú lé e lórí, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àga fún wọn kí wọ́n jókòó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ọ̀rọ̀ bá tì lè pe ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Durban, kí ó gbọ́ ohùn wọn, kí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù Google, ẹ wá àgbàlagbà kan tí yóò lọ jókòó ti ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Bí ẹ kò bá rí ẹni rán níbí, ẹ rán mi.